Ẹ Má Tíì Tan AC Yẹn



Ọ̀rẹ́ mi gbé Mazda MX-5 wá kí mi lánàá, mọ́tò kékeré eléèyàn méjì tí òrùlé ẹ̀ jẹ́ aṣọ dúdú. Ó páàkì sínú oòrùn. Nígbà tá a máa padà wọlé, ìjókòó fẹ́rẹ̀ẹ́ bó wa nítan! Ó ní kóun tan AC, mo ní rárá.

Ẹ kọ́kọ́ ká òrùlé sẹ́yìn tàbí kẹ́ ẹ ṣílẹ̀kùn, kí ooru jáde. Ẹ wà á díẹ̀, kẹ́ ẹ tó tan AC. Nínú go-slow, ẹ́ńjìnnì ò yára yí, AC náà á rọ. Tẹ́ ẹ bá páàkì, ẹ fi páálí bo gíláàsì iwájú.

Pabanbarì ẹ̀: láàárín ìṣẹ́jú 10 péré, ooru inú mọ́tò tó wà nínú oòrùn lè fi nǹkan bí 10°C lé sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọmọ sílẹ̀ níbẹ̀, kódà tó bá jẹ́ búrẹ́dì lẹ fẹ́ rà.

Ó dìgbà kan ná.