Ta Ni Ọ̀rọ̀ Kàn? Ìrántí Olóyè Abraham Adésànyà

 

Ní New Bell tí a wà yìí, kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ rí pé: "Àlejò ni ọ́, kí ló kàn ọ́?" Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi fẹ́ rántí ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó kan lónìí.

Ọdún 1922 ni a bí Olóyè Abraham Adésànyà. Wọ́n kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n padà wálé ṣe lọ́yà, àwọn ènìyàn wọn sì dìbò yàn wọ́n sí Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn. Ní 1979, wọ́n di sẹ́nétọ̀.

Nígbà tí Ààrẹ Shehu Shagari yan Adájọ́ Victor Ovie-Whiskey ṣe alága àjọ elétò ìdìbò, Olóyè Adésànyà ní òfin kò gbà á, nítorí ipò mìíràn tí adájọ́ náà ti wà. Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí i síbẹ̀. Wọ́n bá gba kóòtù lọ. Ní 1981, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ọ̀rọ̀ náà kò kàn wọ́n ju bó ṣe kan ẹlòmíràn lọ, pé wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́ náà. Ẹ ò rí nǹkan? Sẹ́nétọ̀ tí ará ìlú yàn, òun náà ni wọ́n bi pé kí ló kàn ọ́!

Wọn kò torí ìyẹn dákẹ́. Láyé Ọ̀gágun Abacha, wọ́n wà lára àwọn aṣáájú NADECO. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1997, àwọn agbébọn yìnbọn lu ọkọ̀ wọn ní Èkó, ọta kan kò bà wọ́n. Ni wọ́n bá ń pè wọ́n ní Apamákú. Ọdún 2008 ni wọ́n tó papò dà.

Ìlú Douala náà mọ irú ìtàn yìí. Rudolf Duala Manga Bell fi ìwé ẹ̀bẹ̀ tako bí ìjọba Jámánì ṣe fẹ́ gba ilẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀; wọ́n so ó rọ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹni tó ń san owó oṣù, tó ń bá wa sin òkú, tó ń bá wa sọmọ lórúkọ, ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ kàn án. Bí ó bá béèrè ìṣirò, kí a má bínú, kí a má bi í pé ọmọ ta ni. Ìwé owó ni kí a gbé jáde. Abéèrè kì í ṣìnà.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí á rìn ín re, kí á sì délé re. Àṣẹ.