Kí Ẹ Tó Ra Trampoline
(Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì kan nínú ẹgbẹ́ wa bá àwọn òbí sọ ní ìpàdé wa ní Peckham)

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ti gbọ́ ọ yó lẹ́nu mi. Trampoline ni mo mú wá lónìí, ohun ìfò tí àwọn ọmọ wa máa ń fi ẹkún bẹ̀bẹ̀ fún nígbà ooru pé kí a rà sí ẹ̀yìnkùlé.

N kò wá dẹ́rù bà yín. Ó wà nílé tèmi náà. Ní ọdún tí a rà á, a ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ mi. Àwọn ọmọ ńlá 3 ń fò lórí rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 4, dúró síta àwọ̀n, ó ń sunkún. Èmi nọ́ọ̀sì yìí ni mo pariwo láti kíṣìnnì pé, "Ṣé ẹ ò rí àbúrò yín ni? Ẹ jẹ́ kó wọlé!" Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi ké. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú, kò sì wọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ fi tẹlẹ̀. Mo ní ó rọ́ lásán ni. Ní ọjọ́ kejì, x-ray fi hàn pé eegun ojúgun rẹ̀ ti là nísàlẹ̀ orúnkún. Àbúrò mi kò bá mi jà. Ó kàn wò mí ni.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí ẹni tó wúwo bá tẹ aṣọ náà wọlẹ̀ tó sì fò kúrò, aṣọ náà á fi agbára padà sókè. Bí ọmọ kékeré bá ń bọ̀ wálẹ̀ ní àkókò yẹn gan-an, òun àti aṣọ náà á pàdé lọ́nà. Bí ìgbà tó já lé orí kankéré ni fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò dìgbà tó bá ṣubú síta.

RoSPA, ẹgbẹ́ tó ń rí sí dídènà ìjàǹbá ní ìlú yìí, sọ pé nínú ìjàǹbá 4 lórí trampoline, nǹkan bí 3 ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí èèyàn tó wà lórí rẹ̀ bá ju 1 lọ. Ẹni tó fúyẹ́ jù ni ewu rẹ̀ tó ìlọ́po 5. Wọ́n tún ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 má gun èyí tó tóbi.

Ẹ̀kọ́ ilé wa sì rèé: "Fún àbúrò rẹ nínú rẹ̀." Oúnjẹ, bẹ́ẹ̀dì, kẹ̀kẹ́, a kì í dá a jẹ. Ti trampoline yàtọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa wà lórí rẹ̀. Nílé wa, àwọn tó ń dúró ló ń ka fífò 50 fún ẹni tó wà lókè, kó tó bọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo ní kí wọ́n fi Yorùbá kà á. Ọ̀pọ̀ wọn kò lè kọjá ogún! Kí àgbàlagbà sì jókòó tì wọ́n. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n wọn, kì í sì í ṣe ẹni tó ń ro ọbẹ̀ lọ́wọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ ààyè, níbi tí púpọ̀ wa ti ń ṣìṣe. RoSPA ní kí mítà 2.5 ṣófo yí i ká, láìsí igi, fẹ́ǹsì tàbí okùn aṣọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ bàtà 8 fẹ̀ tó mítà 2.4. Ẹ fi 2.5 kún un lọ́tùn-ún, 2.5 lósì: ó di mítà 7.4. Àwọn ilé àtijọ́ tó so pọ̀ ní Peckham yìí, ẹ̀yìnkùlé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ̀ ju nǹkan bí mítà 5 lọ. Bí kò bá gbà á, kò gbà á nìyẹn. Ẹ mú wọn lọ sí ẹgbẹ́ eré ìdárayá tó ní olùkọ́, tàbí kí wọ́n lọ sáré ní Peckham Rye. Ẹni tó bá sì ń san owó ilé, kó gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé tàbí council.

Orí koríko tó tẹ́jú ni kó wà. Ilẹ̀ amọ̀ ni ti Lọ́ńdọ̀nù: nígbà òtútù ó rọ̀ bí ẹ̀bà, ní Oṣù Kẹjọ ó lè le bí àpáta, nítorí náà ẹ da èèpo igi wẹ́wẹ́ yí i ká. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá ó bá ìlànà BS EN 71-14 mu. Àgbàlagbà 2 ni kó tò ó, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́. Ọkọ mi so sípíríǹgì láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ ní ìtẹ̀léra. Nígbà tó dé ìdajì, aṣọ ti fà sápá kan, ìyókù kò nà mọ́. Ẹ so ọ̀kan, kí ẹ so èyí tó kọjú sí i, lẹ́yìn náà ti ọ̀tún àti ti òsì, kí ẹ tó máa dí àárín wọn. Ó ka ìwé ìlànà lẹ́yìn tó ti làágùn tán.

Ẹ fi èèkàn irin dè é mọ́lẹ̀. Nígbà ìjì Ciara, ní Oṣù Kejì ọdún 2020, trampoline kan fẹ́ lọ sórí ojú irin nítòsí Chelsfield, lápá Orpington.

Lóṣooṣù, ẹ fi ọwọ́ kan sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan bóyá ó ti dípẹtà, ẹ mú bóòtù le, ẹ wo ojú rírán aṣọ àti àwọ̀n, nítorí oòrùn ń jẹ wọ́n. Tìmùtìmù tó bo sípíríǹgì kò gbọdọ̀ ya. Ẹ má kó kẹ̀kẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Nígbà òtútù, ẹ tú àwọ̀n àti tìmùtìmù wọlé. Bí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, ẹ gbé àkàbà rẹ̀ kúrò.

Bí ọmọ bá fi orí tàbí ọrùn já, ẹ má gbé e. Ẹ pe 999. Bí apá tàbí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún, ẹ má fà á, ẹ má fi Robb wọ́ ọ, ẹ má sì fún un lóúnjẹ tàbí omi kí dókítà tó wò ó, torí wọ́n lè ní láti fún un ní oògùn tí ń múni sùn. Ọmọ tí kò bá jẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì bí èmi ti ṣe.

Mo mú tépù mítà 8 kan wá. Ẹni tó bá fẹ́ yá a lọ wọn ẹ̀yìnkùlé, kó wá bá mi nídìí tábìlì tíì.