Owó Àlejò Nílùú Tuntun

Ọ̀rọ̀ ìtọ́ni fún àwọn tí ń péjọ ní yàrá ìkàwé

Àwọn àgbà ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kì í ṣe pé ojú àlejò fọ́. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni kò jẹ́ kí ó rí ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òní dá lórí owó àlejò, èyíinì ni owó ẹni tí ó fi ilé sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, tí ó sì ní láti wá ibi tí yóò máa fi í pamọ́ sí láàárín àwọn tí kò mọ ìdílé rẹ̀, tí òun náà kò sì mọ ìdílé wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi Onígbòǹgbò ṣe àpẹẹrẹ. Ó wà lẹ́bàá Ìkẹjà, ní ọ̀nà Maryland, ní agbègbè tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti pọ̀ láti Ìkẹjà dé Agége. Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, abẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tí ó wà ní Ìbàdàn ni Ìkẹjà àti Agége wà. Ìjọba náà ni ó sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ní ọdún 2003, Onígbòǹgbò di agbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tí ó dá dúró kúrò lára Ìkẹjà. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ti dé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Èkìtì àti Kwara, àti àwọn tí ó ti ọ̀nà jíjìn ju ìyẹn lọ wá, ti ń wọ agbègbè náà láti wá oúnjẹ òòjọ́ wọn.

Ní abúlé, ènìyàn ni ń ṣọ́ owó. Ẹni tí ń gba àjọ, a mọ ilé baba rẹ̀. Àwọn tí ń dá èsúsú mọ ara wọn. Bí ẹnì kan bá kó owó tirẹ̀ tán tí ó sì kọ̀ láti dá ti ẹlòmíràn, àwọn àgbà yóò ránṣẹ́ pe ẹbí rẹ̀, ẹbí kò sì ní sinmi títí yóò fi san án. Ìtìjú ni onídùúró. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Onígbòǹgbò bá pàdé alájọ tí aṣọ rẹ̀ mọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dùn, kò mọ ilé baba rẹ̀, kò sì mọ ibi tí yóò wà lọ́la. Òótọ́ ni pé Ṣómólú, tí kò jìnnà sí Onígbòǹgbò, ni alájọ tí Yorùbá fi ń pòwe ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tí wọ́n ní orí rẹ̀ pé tó bẹ́ẹ̀ tí kì í ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Ṣùgbọ́n bí ó ti di òwe fi hàn pé irú rẹ̀ kò pọ̀.

Nítorí náà, kí àlejò tó béèrè bí ilé báńkì ti ga tó, tàbí bí èlé tí wọ́n ń san ti pọ̀ tó, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ó kọ́kọ́ béèrè: ta ni ń ṣọ́ owó yìí? Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Báńkì ní ojú tí ń ṣọ́ ọ. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà ní ojú tirẹ̀. Ojú méjèèjì kò sì jọ ara wọn.

Ẹ̀kọ́ yìí kò rọrùn fún ilẹ̀ wa láti kọ́. Ní ọdún 1929 ni a dá Industrial and Commercial Bank sílẹ̀ ní Èkó. Kò pẹ́ tí ó fi wó. National Bank of Nigeria tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1933, àti Báńkì Agbọ́nmágbẹ tí Olóyè Mathew Adékọ̀yà Òkúpè dá sílẹ̀ ní ọdún 1945, dúró ṣinṣin. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn báńkì tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa dá sílẹ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni ó ti wó kí ọdún 1954 tó parí, owó àwọn oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ sì bá wọn lọ. Kí òfin báńkì tó jáde ní ọdún 1952, kò sí ẹni tí a yàn láti máa yẹ báńkì wò. Ẹni tí ó bá rí yàrá àti pátákó lè pe ara rẹ̀ ní báńkì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1959 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí a ń pè ní CBN, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òun ni ó ń fún báńkì ní àṣẹ, òun náà ni ó sì lè gbà á padà.

Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé orúkọ tí a kọ sára ògiri kọ́ ni ààbò. Báńkì Agbọ́nmágbẹ di Wema Bank ní ọdún 1969. Báńkì àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1953 darapọ̀ mọ́ àwọn mìíràn láti di Skye Bank ní ọdún 2006; ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, CBN gba àṣẹ Skye Bank, Polaris Bank sì gba iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ yí padà lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ owó tí àwọn ènìyàn fi pamọ́ kò sọnù, nítorí ojú tí ó wà lókè kò sùn.

Ojú kejì tí ń ṣọ́ báńkì ni àjọ tí a ń pè ní NDIC, tí òfin ọdún 1988 dá sílẹ̀. Àwọn báńkì ni ń san owó fún un, kì í ṣe àwọn oníbàárà. Bí báńkì bá wó, NDIC yóò san owó fún ẹni tí owó rẹ̀ wà níbẹ̀, títí dé iye kan. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, iye náà jẹ́ mílíọ̀nù 5 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú báńkì ńlá kọ̀ọ̀kan, àti mílíọ̀nù 2 náírà nínú báńkì kékeré tí a ń pè ní máíkrófáínánsì. Ẹni tí ó bá ní àkáǹtì méjì nínú báńkì kan náà, àpapọ̀ wọn ni a óò kà. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù, ẹni tí ó ni ín yóò dúró títí a óò fi ta dúkìá báńkì náà tí a óò sì gba gbèsè rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni yóò sì máa rí i gbà. Nígbà tí CBN gba àṣẹ Heritage Bank ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà ọdún 2024, ọ̀nà yìí gan-an ni a gbà.

Ìyàtọ̀ láàárín báńkì ńlá àti báńkì kékeré yìí ṣe pàtàkì fún àlejò. Àwọn máíkrófáínánsì kan wà tí àṣẹ wọn kò kọjá àdúgbò kan, àwọn mìíràn kò kọjá ìpínlẹ̀ kan, àwọn díẹ̀ sì ní àṣẹ jákèjádò ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, CBN gba àṣẹ àwọn máíkrófáínánsì 132 lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí kò sọ pé kí a sá fún wọn, nítorí wọ́n a máa yá oníṣòwò kékeré lówó níbi tí báńkì ńlá kò ti ní dá a lóhùn. Ohun tí ó sọ ni pé kí a wò bóyá orúkọ wọn ṣì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ CBN kí a tó fi owó sílẹ̀. Bákan náà ni kí a ṣe sí báńkì orí fóònù: kí a béèrè irú àṣẹ tí ó ní.

Ẹni tí ó ti ní àkáǹtì nínú báńkì ńlá kí ó tó kúrò nílé kò nílò láti tún òmíràn ṣí. Nọ́ńbà mẹ́wàá tí a fún un ní Ìkìrun tàbí Ọ̀ffà ni yóò máa lò ní Onígbòǹgbò. Kí ó sọ ilé rẹ̀ tuntun àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ fún báńkì. Nọ́ńbà BVN, tí CBN gbé kalẹ̀ ní ọdún 2014, kan ṣoṣo ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní gbogbo báńkì. Bí ẹnì kan bá fi fóònù béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí a fi ń gba owó, gbájúẹ̀ ni, ì báà pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá báńkì.

Ó kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Orúkọ náà ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: kí a jẹ, kí ó sì ṣẹ́ kù. Ọdún 1935 ni òfin àkọ́kọ́ lórí ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ti wà ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1844, nígbà tí ènìyàn 28 kó owó jọ láti ṣí ìsọ̀ kan tí wọn kì yóò ti ní fi òṣùwọ̀n èké rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Wọ́n pinnu pé ẹnì kan, ìbò kan, ì báà ṣe olówó, ì báà ṣe tálákà. Ìlànà yìí ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń tẹ̀lé títí di òní.

Àǹfààní rẹ̀ hàn nígbà tí a bá fẹ́ yá owó. Ká sọ pé òṣìṣẹ́ kan nílò 100,000 náírà fún oṣù mẹ́fà láti fi san owó ilé. Bí ayánilówó kan bá gba èlé náírà 5 lórí 100 lóṣooṣù, èlé náà yóò di 30,000 náírà. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gba náírà 10 lórí 100 fún odidi ọdún, èlé oṣù mẹ́fà kò ju 5,000 náírà lọ. Nítorí náà, kí a béèrè bóyá ti oṣù ni èlé tàbí ti ọdún, kí ọwọ́ tó kan ìwé.

Ṣùgbọ́n NDIC kò dúró fún owó tí ó wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ni ojú tí ń ṣọ́ ọ. Nítorí náà, kí àlejò béèrè ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún ẹgbẹ́ náà. Bí ó bá ṣiyèméjì, Aláùsá tí ó wà ní Ìkẹjà, níbi tí ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà, kò jìnnà. Kí ó béèrè ìgbà tí a ṣe ìpàdé gbogboogbò kẹ́yìn, àti ìgbà tí a yẹ ìwé owó wò. Òfin ilẹ̀ wa ní kí ẹgbẹ́ fi ìdá mẹ́rin kan èrè rẹ̀ sí àpò ìpamọ́ lọ́dọọdún. Kí ó béèrè iye tí ó wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò lẹ́bi kò ní bínú sí ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì ti wọlé, kí ó máa lọ sí ìpàdé. Ẹni tí kò lọ sí ìpàdé ti di ojú ara rẹ̀.

Kí ó má sì gbàgbé ẹgbẹ́ tí ó fi sílẹ̀ nílé. Bí ó bá ti ṣe onídùúró fún ẹlòmíràn, a lè di owó tirẹ̀ mú títí ẹni náà yóò fi san gbèsè rẹ̀. Kí ó yanjú èyí kí ó tó wọ ọkọ̀, kí ó sì gba ìwé tí ó fi iye owó rẹ̀ hàn.

Ẹni tí kò bá ní ojú kankan tí ń ṣọ́ ọ ni ẹni tí ń ṣe ìlérí tí ó ga jù. MMM ṣèlérí náírà 30 lórí 100 lóṣù kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó sọkún ní ìgbà méjèèjì kì í ṣe òpè; ìlérí ni wọ́n wò, wọn kò béèrè ẹni tí ń ṣọ́ owó.

Nítorí náà, kí a pín owó sí ibi tí ó yẹ ẹ́. Kí owó oṣù àti owó ilé wà ní báńkì tí NDIC dúró fún. Kí owó tí a fẹ́ kó jọ fún ìgbà pípẹ́, tí a sì fẹ́ torí rẹ̀ yá owó, wà nínú ẹgbẹ́ tí a ń lọ sí ìpàdé rẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ dá àjọ ojoojúmọ́ ní ọjà, kí ó jẹ́ ìwọ̀n tí kò ní mú ọmọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ bí alájọ bá sá lọ. Kí ẹ̀yin tí ọmọ yín ń múra àtilọ sí Ìkẹjà tàbí Agége ka ọ̀rọ̀ yìí sí wọn létí kí wọ́n tó gbéra.