Òórùn Inú Ọkọ̀ Kì í Ṣe Ẹ̀bi Dírẹ́bà
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn awakọ̀ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka)

Ọ̀gá mi kan fẹ́ yọ nínú owó oṣù mi rí, ó ní èmi ni mo mú ọkọ̀ rùn. Mo ra lọ́fínńdà. Òórùn di méjì!

Irin kan wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù tí ń làágùn bí ìgò omi tútù nígbà tí a bá tan éè-síì. Rọ́bà kékeré kan ni omi náà ń gbà kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Bí ìdọ̀tí bá dí i, omi a dúró, ibẹ̀ a sì bu. Mẹkáníìkì fi afẹ́fẹ́ la tèmi, omi sì tú jáde ṣọ̀ọ̀.

Bí ó bá ku bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ dé gáréèjì, ẹ pa éè-síì, ẹ jẹ́ kí fáànù máa fẹ́, kí irin náà gbẹ. Èyí kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Fílítà afẹ́fẹ́ tó ti dọ̀tí ńkọ́? Owó ọlọ́kọ̀ ni. Ohun tó bu kò dára fún àyà ẹni tó ní ikọ́ fée, dírẹ́bà ni ó sì ń fà á símú látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ yọwó yín, ẹ rí akọ̀wé ẹ̀ka kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.