Òṣìṣẹ́ Tí Ń Bẹ Nínú Ẹ̀gẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ ní Ajégúnlẹ̀)

  Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ti èbúté Àpápá dé ni, àwọn mìíràn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ palẹ̀ ọjà mọ́ ní Bọ́ńdárì. N kò ní dá yín dúró pẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan nínú wa tó ń yan gàrí tà bi mí ní ìbéèrè. Wọ́n ní, "Tíṣà, àwọn oníbàárà ń yọ wá lẹ́nu pé kí gàrí tètè yá. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́ lónìí, tí a fún un, tí a sì yan án lónìí náà, kí ló burú níbẹ̀? Ṣebí iná á pa ohun búburú tó wà nínú rẹ̀?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni mo mú wá lálẹ́ yìí.

Ohun méjì wà nínú ẹ̀gẹ́ tí kì í gbé yàrá kan náà. Orúkọ èkíní ni linamarin. Májèlé kan tí à ń pè ní sáyánáìdì wà ní dídè nínú rẹ̀, bí ejò tí a dé mọ́ inú ìkòkò. Orúkọ èkejì ni linamarase. Irú èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Òṣìṣẹ́ ni ẹ́ńsáìmù jẹ́ nínú ohun ẹlẹ́mìí gbogbo: òmíràn ń tú nǹkan, òmíràn ń so nǹkan pọ̀. Bí ẹ bá jẹ búrẹ́dì pẹ́ lẹ́nu, tí ẹ rí i pé ó ń dùn díẹ̀díẹ̀, ẹ́ńsáìmù inú itọ́ yín ló ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ẹ̀gẹ́ wà ní odidi, ògiri wà láàárín linamarin àti òṣìṣẹ́ yìí. Ìgbà tí a bá rin ín ni ògiri wó. Òṣìṣẹ́ á bá linamarin, á gé e: apá kan á di ṣúgà, sáyánáìdì á sì ti ara apá kejì tú jáde. Sáyánáìdì yìí kì í pẹ́ di oru. Ìwọ̀n ooru 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius ti tó o. Ẹ̀yin náà mọ bí Èkó ṣe ń móoru tó! Nítorí náà púpọ̀ nínú rẹ̀ á bá afẹ́fẹ́ lọ, omi tí a fún dànù á sì gbé òmíràn lọ.

Báwo ni a ṣe mọ ìwà òṣìṣẹ́ yìí? Àwọn onímọ̀ á lọ ẹ̀gẹ́, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀, wọ́n á fi iyọ̀ kan mú kí ẹ́ńsáìmù dì, wọ́n á sì máa yà á kúrò lára àwọn yòókù títí yóò fi ku òun nìkan. Nígbà náà ni wọ́n á dán an wò. Wọ́n rí i pé linamarin ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, pé bí ó ti ń móoru ni iṣẹ́ rẹ̀ ń yá, títí dé nǹkan bí ìwọ̀n 55. Bí ooru bá kọjá 70, òṣìṣẹ́ náà á bàjẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹyin ti ń dì nínú omi gbígbóná. Ṣùgbọ́n linamarin kì í bẹ̀rù omi híhó.

Ẹ gbọ́ ibẹ̀ yẹn dáadáa, ìyá mi. Bí a bá kánjú gbé ẹ̀gẹ́ kíkorò ka iná, òṣìṣẹ́ ni iná pa. Linamarin tí kò tíì gé wà níbẹ̀, a ó sì gbé e mì. Ìparí iṣẹ́ ni ti iná: ó ń lé sáyánáìdì tó ti tú sílẹ̀ lọ. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́ kúnná, iṣẹ́ púpọ̀ á ti parí ní ọjọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n èyí tó sá pamọ́ sínú kókó kéékèèké ń fẹ́ àkókò, omi náà sì ń fẹ́ àkókò kí ó tó ro tán.

Kì í ṣe àsọdùn. Ní ọdún 1981, ọ̀dá dá ní àríwá Mozambique. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ni ó kù fún wọn, ebi kò sì jẹ́ kí wọ́n dúró de ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n fi sá a. Ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan gan. Obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Konzo ni à ń pe àìsàn náà, kò sì ní ìwòsàn. Nílé wa níhìn-ín, ní àwọn ọdún 1960, Dókítà Kayode Osuntokun ti Ìbàdàn ṣe ìwádìí àìsàn kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́: ẹsẹ̀ ń ta gìẹ̀gìẹ̀, ojú ń ṣe bàìbàì. Ó so ó mọ́ jíjẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ láìsí oúnjẹ mìíràn tó ṣara lóore. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti bá a jiyàn lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí á máa gbé sáyánáìdì mì.

Nítorí náà, ẹ bó èèpo rẹ̀ mọ́. Ẹ rin ín kúnná. Ẹ fi sílẹ̀ nínú àpò fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ fún omi rẹ̀ gbẹ, kí ẹ jọ̀ ọ́, kí ẹ sì yan án gbẹ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ má da omi rẹ̀ síbi tí ewúrẹ́ ti lè mu ún. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ fùfú, ẹ jẹ́ kó rọ̀ dénú. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu gàrí ní èbúté, ẹ fi ẹja tàbí ẹ̀pà sí i. Oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ń ran ara lọ́wọ́ láti ṣẹ́gun ìyókù májèlé.

Ohun kan ló kù. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, púpọ̀ nínú wa kò lè kọ nọ́ńbà. Lónìí a lè kọ ọ́. Ìyá mi, bí ẹ bá ti di ẹ̀gẹ́ sápò, ẹ mú ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rin ín sí ara àpò náà. Bí oníbàárà bá dé tó ń kánjú, ẹ fi hàn án, kí ẹ ní, "Ẹ kà á. Kò tíì pé." Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.