Ẹni Tó Ń Kó Eérú: Àgọ́ Mósè àti Ìfọkànsìn Ojoojúmọ́

 

Ó ti pẹ́ tí àwọn Kristẹni ti ń fi àgọ́ tí Mósè pa ní aginjù tọ́ àdúrà wọn sọ́nà. David Yonggi Cho, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ìjọ ńlá kan sílẹ̀ ní Seoul, ní Kòríà, ní 1958, wà lára àwọn tó jẹ́ kí àṣà yìí tàn kálẹ̀ láyé òde òní. Ẹni tó ń gbàdúrà á fi ọkàn wọ ẹnu ọ̀nà àgbàlá, á dúró níbi pẹpẹ idẹ, á dúpẹ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ Jésù. Níbi agbada, á yẹ ara rẹ̀ wò. Á wọ Ibi Mímọ́, níbi tí ọ̀pá fìtílà, tábìlì àkàrà àti pẹpẹ tùràrí wà, kó tó wá la aṣọ ìkélé kọjá dé ọ̀dọ̀ àpótí ẹ̀rí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó ń gbà wá lọ́wọ́ àdúrà tó jẹ́ pé "fún mi, fún mi" ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ bá yín rò. Ìrìn tí à ń rìn nínú àgọ́ yìí, ìrìn àlejò ni. Àlejò ló ń wo ọ̀tún wo òsì, tó ń kánjú kí òun tètè rí ìyàrá inú lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í rìn bẹ́ẹ̀. Ibi Mímọ́ Jùlọ tí gbogbo wa ń sáré lọ, olórí àlùfáà nìkan ló ń wọ ibẹ̀, ní ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún, ọjọ́ kẹwàá oṣù keje. Kí wá ni wọ́n ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ yòókù?

Ẹ ṣí Léfítíkù orí 6. Ẹbọ sísun ti wà lórí pẹpẹ láti alẹ́ mọ́jú. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àlùfáà á wọ ẹ̀wù ọ̀gbọ̀ àti ṣòkòtò ọ̀gbọ̀, á kó eérú ẹbọ náà sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ. Á wá bọ́ aṣọ yẹn, á wọ òmíràn, á ru eérú jáde kúrò nínú ibùdó lọ síbi tó mọ́. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ kó o. Àlùfáà tí a ta òróró sí lórí ló ń kó eérú, aṣọ ìsìn ló sì wọ̀ kó o. Wọn kì í dà á sí ààtàn pẹ̀lú.

Kí ni eérú? Ẹbọ àná ni, ẹbọ tí Ọlọ́run ti gbà. Kò sí ohun tó burú lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó bá ti fi igi dáná rí mọ̀ pé ààrò tí eérú kún, kéèyàn fẹ́ ẹ títí ojú á fi pọ́n, iná rẹ̀ kò ní jó dáadáa. Ibẹ̀ ni mo rò pé ìfọkànsìn ọ̀pọ̀ wa ti ń kú. Ẹ̀rí tí a jẹ́ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn la ṣì ń jẹ́. Ìran tí a rí nígbà ààwẹ̀, a ti sọ ọ́ títí adùn rẹ̀ ti tán lẹ́nu. N kò ní kí a gbàgbé oore Ọlọ́run; ibi tó mọ́ ni Ìwé Mímọ́ ní kí eérú wà. Ṣùgbọ́n kí ó kúrò lórí pẹpẹ, kí igi òní lè ráyè.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ igi náà. Ní orí 9 ìwé kan náà, iná jáde láti iwájú Olúwa, ó jó ẹbọ orí pẹpẹ. Síbẹ̀ wọ́n ti pàṣẹ pé kí àlùfáà máa to igi sí i ní òròòwúrọ̀, kí iná náà má kùú. Iná wá láti ọ̀dọ̀ Olúwa. Èèyàn ló ń ṣẹ́gi. Nígbà ayé Nehemáyà, ìbò ni wọ́n dì kí wọ́n tó mọ ìdílé tí yóò gbé igi wá sí ilé Ọlọ́run àti ìgbà tí yóò gbé e wá. A mọ bí a ti ń pariwo pé kí iná sọ̀ kalẹ̀, àwa Kristẹni ilẹ̀ yìí. Ta ló ń bèèrè igi?

Ọ̀dọ́ àgùntàn méjì ni ẹbọ ojoojúmọ́, ọ̀kan ní òwúrọ̀, ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ìyẹ̀fun, òróró àti wáìnì tí òṣùwọ̀n wọn kì í yẹ̀. Àkókò méjèèjì yìí náà ni Áárónì ń tọ́jú fìtílà, tó sì ń sun tùràrí. Bí inú àlùfáà bá dùn, ọ̀dọ́ àgùntàn kan ni. Bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, ọ̀dọ́ àgùntàn kan náà ni. Ọjọ́ ìsinmi àti ọjọ́ àjọ̀dún ní àfikún tiwọn, ṣùgbọ́n Nọ́ńbà orí 28 ń tún un sọ ṣáá pé àfikún náà kò gba ipò ẹbọ ìgbà gbogbo. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìṣọ́ òru, ọ̀rọ̀ yín nìyẹn. Ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì kì í san gbèsè òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ẹnìkan á ní Jésù ti rú ẹbọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, aṣọ ìkélé sì ti ya. Òótọ́ ni, Ìwé Hébérù kò sì fi ọ̀rọ̀ náà bọpo bọyọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn náà, ní orí 13, ní kí a máa rú ẹbọ ìyìn nígbà gbogbo. Ìwé àtijọ́ tí a ń pè ní Didache ní kí onígbàgbọ́ gba Àdúrà Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ní 1549, nínú ìwé àdúrà Ìjọ Áńgílíkà, Thomas Cranmer kó ọ̀pọ̀ wákàtí àdúrà àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn pọ̀ di méjì fún gbogbo èèyàn, ti òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́. Àjàyí Crowther ló túmọ̀ ìwé àdúrà yẹn fún wa.

Ní ti àwọn Aládùúrà, Kérúbù àti Séráfù tó bẹ̀rẹ̀ ní 1925, àti Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run tí Oshoffa dá sílẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947, ọ̀pọ̀ ló ti fi ẹsẹ̀ lásán wọn ṣẹ̀sín. Kí àwọn ẹlẹ́gàn lọ ka Ẹ́kísódù orí 28: gbogbo aṣọ àlùfáà ló wà níbẹ̀, dórí fìlà, kò sí bàtà. Ẹ̀yin oní-tùràrí àti àbẹ́là náà, mo ní ọ̀rọ̀ tiyín lọ́wọ́. Kìkì wúrà ni wọ́n fi ṣe ẹ̀mú àti àwo tí wọ́n fi ń gé òwú fìtílà tó ti jó. Ohun èlò èédú òwú, wúrà! Títàn nìkan kọ́ ni iṣẹ́ fìtílà.

Ìbéèrè kan ti dé ọwọ́ alága kí n tó dìde. Ìyá kan ní ọmọ òun ń tọ́jú arúgbó ní London, iṣẹ́ òru ni, òwúrọ̀ rẹ̀ ti di oorun. Báwo ni yóò ṣe máa gbàdúrà òwúrọ̀? Mà á, àgọ́ yìí kì í ṣe ilé amọ̀. Ìkùukùu tó ń darí ìrìn wọn lè dúró lórí rẹ̀ ní ọjọ́ méjì, ó lè dúró ní oṣù kan tàbí ọdún kan, lẹ́yìn náà kí wọ́n tún ká àgọ́. Nọ́ńbà orí 4 sọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí pẹpẹ nígbà yẹn: wọ́n á kọ́kọ́ kó eérú rẹ̀ kúrò, wọ́n á ta aṣọ elésè-àlùkò bò ó, wọ́n á fi awọ bo aṣọ náà, wọ́n á wá ki ọ̀pá rẹ̀ bọ̀ ọ́. Ìrìn àjò náà ní ìlànà tirẹ̀. Ẹ ní kó mú ìgbà méjì: kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́, àti bó bá ti dé, kó tó sùn. Kó má fi gùn jù. Bó bá dé, kó kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lóru fún Ọlọ́run, kó tó bèèrè ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ìbéèrè kejì.