Ká Ya Fọ́tò Rẹ̀ Kí Wọ́n Tó Fi Ọ̀dà Bò Ó

Ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Àwòrán ara ògiri ìgboro ni mo fẹ́ bá yín sọ, àti ìdí tó fi yẹ ká máa ya fọ́tò wọn.

Ní New York, láti àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ a máa fi ọ̀dà inú agolo, èyí tí à ń fín bí oògùn ẹ̀fọn, ya àwòrán sára ọkọ̀ ojú irin. Ìjọba kà á sí ìbàjẹ́, wọ́n ń fọ̀ ọ́ dànù. Martha Cooper a máa dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí ní Bronx, kí ọkọ̀ tó kọjá, kó lè yà á. Òun àti Henry Chalfant kó fọ́tò wọn jọ sínú ìwé Subway Art ní 1984. Nígbà tó di 1989, wọ́n ti mú gbogbo ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò lójú irin. Ọkọ̀ lọ, fọ́tò ló kù.

Ní Queens, nílùú kan náà, àwòrán kún ara ilé kan tí wọ́n ń pè ní 5Pointz. Ní oṣù Kọkànlá 2013, onílé fi ọ̀dà funfun bò ó lóru. Ayàwòrán 21 pè é lẹ́jọ́. Ní 2018, adájọ́ ní kó san $6.75 mílíọ̀nù lórí iṣẹ́ 45. Ilé ti wó nígbà náà. Kí ni ilé ẹjọ́ fi rí ohun tó wà níbẹ̀, bí kì í bá ṣe fọ́tò?

Ká wá bọ̀ wálé. Àwòrán orí tí wọ́n fọwọ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àdúgbò yín ńkọ́? Bánà tí ẹ̀rọ tẹ̀ ti ń gba ipò rẹ̀.

Ẹ yà á láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́. Oòrùn ọ̀sán gangan a máa pa àwọ̀. Ẹ kọjú sí ògiri tààrà, kó má baà wọ́. Ẹ tún ya ọ̀kan tí ilẹ̀kùn àti gọ́tà hàn nínú rẹ̀, kí a lè mọ bó ti tóbi tó. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé, ẹ jọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọjọ́, àdúgbò àti orúkọ ẹni tó yà á sílẹ̀. Fọ́tò tí a kò kọ nǹkan kan nípa rẹ̀, láìpẹ́ á di àjèjì sí ẹni tó yà á pàápàá.

Kámẹ́rà wà nínú fóònù ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa báyìí. Ẹyọ kan péré, kí a tó tún pàdé.